Ta ló kó agbárí lọ nínú ibojì West Kennet?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ nípa ìwalẹ̀pìtàn. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ wo ibojì olókùúta West Kennet ní Wiltshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gùn tó 100 mítà, yàrá márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, tọ́ọ̀ṣì la fi ríran. Nǹkan bí ọdún 3650 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n kọ́ ọ.

Òkú tí wọ́n bá níbẹ̀ kò dín ní 36, àtàgbà àtọmọdé, ṣùgbọ́n agbárí àti egungun itan àwọn kan ò sí. Ọmọ mi obìnrin ní ta ló kó wọn lọ? Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ti ka pátákó tó wà níbẹ̀, mo ti dé mùsíọ́ọ̀mù Devizes, mo sì ti kà nípa ilẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn méjì kan, Piggott àti Atkinson, gbẹ́ níbẹ̀ ní 1955 sí 1956. Àwọn kan ní odindi òkú ni wọ́n ń gbé wọlé, tó bá jẹrà tán ni wọ́n ń kó egungun jáde. Àwọn mìíràn ní ìta ló ti ń jẹrà wá. (Lọ́dọ̀ tiwa, inú ilé la ń sin àgbà sí, bóyá ohun tí ò jẹ́ kí n gbọ́kàn kúrò níbẹ̀ nìyẹn.)

Kí ni wọ́n ń wò lára egungun, ṣé àpá ọ̀bẹ ni, ṣé àpá eyín ẹranko, àbí bí oríkèé ṣe tò, tí wọ́n fi ń mọ èyí tó ṣẹlẹ̀? Ní West Kennet gan-an ńkọ́, èwo ló hàn?