Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ká ra fúláàtì ní Garda àbí Iseo?

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Brescia ní Italy lèmi àtìyàwó mi ń gbé, a ti tu owó díẹ̀ jọ, a wá ń rò ó pé ká ra fúláàtì kékeré kan lẹ́bàá adágún Garda tàbí Iseo, ká máa lò ó nígbà ooru, ká sì máa rẹ́ǹtì ẹ̀ fáwọn tó wá gbafẹ́. Ìyàwó mi ní Desenzano ní Garda ni torí àlejò pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ owó ibẹ̀ ga jù fún wa, Iseo ló wù mí.

Owó orí ló ń já mi láyà jù. Torí pé ilé kejì ni, 9% la máa san tá a bá rà á, kì í ṣe 2% tilé àkọ́kọ́, IMU (owó orí ilé) tún wà lọ́dọọdún, a sì gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà CIN (nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé àlejò lọ́dọ̀ ìjọba) ká tó gbàlejò kankan. Ẹni tó ń tà á tún ní ká san caparra (owó àsansílẹ̀) lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní notaio (òṣìṣẹ́ òfin tó ń ṣe ìwé ilé) tòun la máa lò, ṣebí ẹni tó ń rà ló ń mú notaio? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà, ṣé owó ń wọlé nígbà òtútù? Àbí ká kúkú lọ kọ́lé s'Ábẹ́òkúta bí bọ̀ọ̀dá mi ṣe ń pariwo?