Ariwo (noise tó ń da ohun tó ń kà rú) ń bo sẹ́ńsọ̀ mi, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kékeré ni mò ń ṣe fún ìwádìí másítà mi, gíláàsì fused silica tí àárín ẹ̀ lè mì, lésà á wá máa ka bó ṣe ń sún. Lókè 1 Hz (ìmì ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ó dáa gan-an, àmọ́ nísàlẹ̀ ibẹ̀ ariwo bo gbogbo ẹ̀, ó sì ń dùn mí torí ibẹ̀ gan-an ni mo nílò. Mo ti gbé e sínú vacuum (ibi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde), mo ti bò ó nítorí ooru, ó dín kù àmọ́ kò tó. Ṣé kí n kọ́kọ́ fi interferometer (ohun tó ń fi lésà wọn ìsún) kejì tí ò kan ibi tó ń mì kún un kí n máa yọ ohun tó bá kà kúrò nínú ti àkọ́kọ́, àbí kí n lock lésà mọ́ cavity tó dúró ṣinṣin (dígí tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ bọ̀ láàárín wọn), kí frequency lésà má bàa máa yẹ̀? Mo dúpẹ́ ṣáájú o.