Ṣé "ohun amáyédẹrùn" tó fún títì, omi àti iná?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ fún "infrastructure" là ń wá. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí á máa pe títì, omi ẹ̀rọ, afárá àti iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ní "ohun amáyédẹrùn", torí òun ni rédíò ń lò. Lóòótọ́, ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n fáànù náà ń mú ayé dẹrùn, kì í ṣí ìlú nídìí. Títì ń ṣí i.

Ẹ wo Èkìtì níbí. Agbo ilé àtijọ́, inú àgbàlá ló kọjú sí. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ló sì fẹ̀yìn ti òkè nítorí ogun. Nígbà tí títì ọlọ́dà bá wá gba ẹ̀yìn irú ilé bẹ́ẹ̀ kọjá, ọmọ onílé á dá ògiri ẹ̀yìn lu, á fi ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sí i. Ẹ̀yìnkùlé di ojúde nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì kẹ́rù. Láti ìgbà tí Adó ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ lọ́dún 1996, títì Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìwọ̀rókò ni ilé ń tọ̀ lọ. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ níbẹ̀ ò ní sọ fún yín pé iṣu ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Pólù iná ló máa nawọ́ sí.

Ìdí tí mo fi mú "ohun ìtẹ̀lúdó", ohun tó ń tẹ ìlú dó, wá dípò "amáyédẹrùn" nìyẹn. (Nílé wa, "ùlú" là ń pe ìlú, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bíi ti ìwé.) "Agbélùúró" tí ẹnìkan dábàá ò burú, àmọ́ létí mi, bí oyè olóṣèlú ló ń dún.

Àǹtí wa kan ní èèyàn ló ń tẹ ìlú dó, ẹsẹ̀ ló sì ń la ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ ọ̀nà oko. Rélùwéè ò dúró de ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé Ọ̀ṣogbo lọ́dún 1907, ìlú ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró làwọn oníṣòwò ń wọ́ lọ. Ojú irin yẹn ò gba Èkìtì kọjá rárá. Títì ni kòkó wa gbára lé, ẹni tó bá sì dé oríta Ìfàkì, níbi tí ọ̀nà Adó, ti Ìdó àti ti Ọ̀yẹ́ ti pàdé, á rí ohun tí títì ń fi ìlú ṣe.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni ìlú tí títì tuntun yà fún, tí ọjà rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ. "Ahoro" kọ́, torí àwọn èèyàn ṣì ń gbé níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá.