Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni màá fi kọ́ iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Ṣé kí n sanwó?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n má baà fi owó ṣòfò.

Ọmọ ọdún 26 ni mí, Òṣogbo níbí ni mo wà. Ìwé mẹ́wàá mi pé, bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísìrì wà nínú rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń bá wọn ta oògùn ní kẹ́mísìtì kan lọ́nà Ọláìyá.

Nígbà tí wọ́n dá màmá mi dúró sí ọsibítù lọ́dún tó kọjá, ẹni tó kọ́kọ́ wá gba ẹ̀jẹ̀ wọn gún wọn nígbà mẹ́rin. Apá wọn wú, ó dúdú bí ẹni tí wọ́n fi ẹgba nà. Obìnrin kan láti láàbù ló wá lẹ́yìn ìyẹn. Kò tilẹ̀ yọ abẹ́rẹ́. Ó jókòó, ó bèèrè orúkọ wọn, ó fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bo apá náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gún wọn. Màmá mi yíjú sí i, wọ́n ní, "Ṣé o ti ṣe tán ni?" Àtọjọ́ náà ni iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn.

Ibì kan wà nílùú yìí tó ní àwọn á kọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ₦180,000. Wọ́n ní màá gba sátífíkéètì "Certified Phlebotomy Technician" (CPT) tí mo lè fi ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ kí n san ìdajì kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Owó àjọ tí mo kó lóṣù yìí ni mo fẹ́ fi san án. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Láàbù

Àbúrò mi, má tíì sanwó. Jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ gbígbà kì í ṣe iṣẹ́ tó dá dúró bíi ti òkè òkun. Àwa ará láàbù, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn dókítà la jọ ń ṣe é. MLSCN ni àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ láàbù sílẹ̀, òfin ọdún 2003 ló dá a sílẹ̀ bó ṣe wà lónìí. Yálà sáyẹ́ǹtíìsì ni ọ́ o, tàbí tẹkiníṣíànì, tàbí asísítáǹtì, ọwọ́ wọn ni ìwé àṣẹ rẹ ti máa jáde. Sátífíkéètì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè wọlé síbẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọsibítù ìjọba lò ń wò, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ni kí o lọ, kí o kọ́ṣẹ́ tẹkiníṣíànì láàbù. Bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísìrì tí o ní yẹn máa wúlò gan-an. Iléṣà kò jìnnà sí wa, lọ bi wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbẹ̀, kí o sì rí i dájú pé MLSCN fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà kí o tó ra fọ́ọ̀mù.

Mi ò sọ pé ẹ̀kọ́ kékeré kò dáa o. Ó lè là ọ́ lójú kí o tó wọ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí o lọ bi àwọn ènìyàn yẹn: apá ènìyàn mélòó ni màá ti gba ẹ̀jẹ̀ kí n tó jáde, ta ló sì máa dúró tì mí? Bí wọn ò bá lè dá ọ lóhùn, kò sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ìkánjú owó yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ kì í lé ènìyàn kiri pé kó sanwó kó tó di Jímọ̀. Ọmọ mi, owó àjọ kì í ṣe owó à-fi-dánwò.

Ẹ̀gbọ́n Houston

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe níbí l'Amẹ́ríkà, mo sì fẹ́ kí àbúrò wa mọ òótọ́ rẹ̀.

CPT tí wọ́n ń dárúkọ yẹn, àjọ kan níbí tó ń jẹ́ NHA ló ń fún ènìyàn. Ìdánwò ni. Ilé ẹ̀kọ́ kankan kò lè fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ẹ̀rọ kó ní òun ti fún ọ ní CPT. Kí o tó gbà á, wọ́n á béèrè ẹ̀rí pé o ti gba ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn ààyè, ó kéré tán 30 láti iṣan apá, àti 10 láti orí ìka. Ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Àjọ ASCP náà ní tiwọn, PBT ni wọ́n ń pè é. Nínú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀, èyí tí èmi gbà béèrè fún ẹ̀jẹ̀ 100 tí mo dá gbà láìsí pé ẹnì kan bá mi dì í mú.

California, Louisiana, Nevada àti Washington ni òfin ìpínlẹ̀ wọn sọ ìwé àṣẹ ẹ̀jẹ̀ gbígbà di dandan. Ní Texas níbi tí mo wà, òfin kò béèrè, àmọ́ ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ló ń béèrè.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù: sátífíkéètì kì í ṣe físà. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n torí ẹ̀jẹ̀ gbígbà nìkan mú wá síbí. Àwa tí a wà níbí ká tó kọ́ ọ ló pọ̀ jù. Ẹni tó ní kí o kọ́ ọ l'Óṣogbo kí o fi wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò sọ òótọ́ fún ọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ibi tí ẹ bá gbà pé kí ọmọ yìí lọ, kó kọ́kọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítíìsì B. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni: ti òní, ti oṣù kan sí i, àti ti oṣù mẹ́fà sí òní. Ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ gbígbà tí wọn ò sọ̀rọ̀ nípa èyí, kí ó sá.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gba ẹ̀jẹ̀ tán, mo fẹ́ dé ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́, ni abẹ́rẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí wọ àtàǹpàkò mi. Ẹni tí mo gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ ní kòkòrò HIV. Mo fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́, mo sì sọ fún ọ̀gá mi lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tí a ń lò kí HIV má baà ràn wá, bí wákàtí 72 bá ti kọjá kò wúlò mọ́, bó bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ló ṣe dáa tó. Ọjọ́ 28 ni mo fi lò ó. Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun, mi ò lè sọ fún ọkọ mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọlọ́run ṣe é, ara mi le títí dòní. Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ ò kúrò lọ́wọ́ mi lọ síbòmíràn ju inú àpótí rẹ̀ lọ. A kì í dé e padà.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Bọ̀dá Láàbù, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni obìnrin yẹn ń wá lápá màmá mi tí ẹni àkọ́kọ́ kò rí?

Bọ̀dá Láàbù

Ìka ni a fi ń wá iṣan, kì í ṣe ojú. Iṣan tó dáa, bí o bá tẹ̀ ẹ́, á rì díẹ̀, á sì tún ti ìka rẹ padà sókè. Èyí tó bá ń lù lábẹ́ ìka rẹ, ẹ̀jẹ̀ ti ọkàn ló ń gbé bọ̀, má fi abẹ́rẹ́ kàn án. Èyí tó bá ń yẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ, o ní láti fi àtàǹpàkò kejì fa awọ ara ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè dúró. Aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí obìnrin yẹn lò, iṣan ló fi ń ṣí. Rọ́bà tí a fi ń di apá, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, torí bó bá pẹ́, ẹ̀jẹ̀ á kó jọ sójú kan, èsì á sì yí padà. Sípírítì tí o fi nu ojú ibẹ̀, jẹ́ kó gbẹ. Má fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i.

Kì í sì í ṣe gígún nìkan. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tí ẹ̀jẹ̀ kò kún ìgò oníderí pupa rẹ̀. Ló bá da díẹ̀ sí i látinú ìgò oníderí pọ́pù, ìyẹn àwọ̀ àlùkò. Nígbà tí èsì jáde, pòtásíọ̀mù, ọ̀kan lára iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ga débi pé ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà kò yẹ kó lè dìde. Kálísíọ̀mù rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Mo yọjú síta, bàbá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Oògùn tó wà nínú ìgò pọ́pù, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, pòtásíọ̀mù wà nínú òun fúnra rẹ̀, ó sì máa ń gbé kálísíọ̀mù mì. A tún ẹ̀jẹ̀ mìíràn gbà, kò sí nǹkan kan tó ṣe bàbá. Ká ní dókítà ti fi èsì àkọ́kọ́ tọ́jú wọn ńkọ́? Torí èyí ni ìgò fi ní ètò tí a ń tẹ̀ lé, pupa ṣáájú pọ́pù. Lẹ́yìn náà, a ó yí ìgò pọ́pù sókè sódò jẹ́jẹ́, ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. A kì í jì í.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo lọ síbẹ̀ lónìí, mo bi wọ́n ní ìbéèrè yín. Ọ̀gá wọn fi apá rọ́bà kan hàn mí, ó ní orí rẹ̀ ni a ó ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní ènìyàn ààyè ńkọ́? Ó ní a lè máa gún ara wa. Mo bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní ìyẹn kò sí nínú owó. Mi ò san kọ́bọ̀. Owó àjọ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo máa lọ sí Iléṣà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti bèèrè fọ́ọ̀mù.

Bọ̀dá Láàbù

O káre. Kí o tó lọ, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ráńṣẹ́ sí mi. Màá bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ kí o lè wá wò wá fún òwúrọ̀ kan, aago mẹ́jọ géérégé. O ò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, wíwò nìkan ni. Gé èékánná rẹ, wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí o sì jẹun kí o tó kúrò nílé, torí àwọn kan máa ń dákú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.