Gbólóhùn wo lẹ fi kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́?

Arìnnàkore

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nǹkan kan ló ti ń wù mí láti bi yín. Bí ìsoríkọ́, ìpayà, tàbí àìsàn ọpọlọ mìíràn bá ń bá èèyàn jà, ọ̀rọ̀ á kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ tí kò ní rí i sọ. Àmọ́ ó níjọ́ kan tí gbólóhùn kan á bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Kí lẹ sọ? Ta lẹ sọ ọ́ fún? Kí ló tẹ̀lé e?

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi lélẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń lọ síbi iṣẹ́ tí mo sì ń rẹ́rìn-ín fáwọn èèyàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tilẹ̀kùn ilé mi, ó parí nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró níwájú díńgí, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, ọṣẹ ìfọyín lọ́wọ́ kejì, mi ò sì mọ èwo ni mo máa kọ́kọ́ ṣe. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo gbé méjèèjì sílẹ̀, mo padà sórí ibùsùn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, àbúrò mi obìnrin wá kí mi. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó rí búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbẹ bí igi. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó wá jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ sùn kẹ́yìn?" Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò bá ìbéèrè rẹ̀ mu rárá. Mo ní, "Mi ò rí ìdí tí èèyàn fi ń fọ eyín mọ́." Kò rẹ́rìn-ín. Omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

Òun ló sìn mí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ mi láti yẹ ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń pè ní thyroid, tó wà lọ́rùn, wò, torí bí iyẹn bá ń ṣiṣẹ́ lọ́ra jù, ó lè mú kó máa rẹ èèyàn, kí inú rẹ̀ sì bàjẹ́ bíi ti ẹni tó sorí kọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Dókítà wá bi mí ní ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, bóyá ohun tó máa ń dùn mọ́ mi ṣì ń dùn mọ́ mi, títí dórí bóyá mo máa ń rò pé ó sàn kí n kú. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 0 dé 3, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ìsoríkọ́ náà ṣe le tó. Mo gba 19. Ẹ ò ní mọ bí ara ṣe tù mí tó nígbà tí mo rí 19 yẹn. Ohun tí mo ti ń pè ní ọ̀lẹ ní orúkọ.

Oògùn ìsoríkọ́ tí dókítà fún mi ò yára ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èébì ń gbé mi, mo sì fẹ́ dà á nù. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo wà níwájú díńgí, ẹnu mi ń hó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé eyín ni mò ń fọ̀.

Ó kàn yín o.

Onírìn Jẹ́jẹ́

"Ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn, mò ń kú lọ." Tèmi nìyẹn. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ni mo sọ ọ́ fún, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí nínú ọkọ̀ ojú irin. Àyà mi ń lù kìkìkì, ìka ọwọ́ mi ń ta mí, èémí ò tó mi. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n tẹ bí ọkàn mi ṣe ń lù sórí pépà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ láàárín oṣù kan. Nígbà kejì, mo gbọ́ tí òṣìṣẹ́ kan ń sọ sétí ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Òun náà tún ti dé." Mo gbọ́ ọ ketekete. Ìgbà kẹta ni dókítà kan fa àga, ó jókòó, ó ní, "Ọkàn yín le koko. Àmọ́ ohun tó ń ṣe yín kì í ṣe irọ́." Ó ní ìpayà òjijì ni, pé ara mi ló ń fun fèrè ogun níbi tí ogun ò sí. Ó ní ó sábà máa ń le dé òpin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì wá máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Sísá ló wá ba ayé mi jẹ́. Mo sá fún ọkọ̀ ojú irin, mo sá fún ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè ilé, mo sá fún ibi tí èrò bá pọ̀ sí, títí tó fi ku yàrá mi nìkan. Onímọ̀ tó ń tọ́jú mi ní kí n máa sáré gun àtẹ̀gùn títí àyà mi á fi máa lù, kí n wá dúró, kí n máa wò ó, kí n lè rí i pé kì í pa mí. Ọjọ́ mìíràn, á ní kí n jókòó sórí àga tó ń yí, kí n máa yí i títí òòyì á fi kọ́ mi. Ìṣojú rẹ̀ ni mo ti ń ṣe é o. Mo bínú sí i gan-an níbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ìgbà kẹjọ, òòyì kọ́ mi, mo di àga mú, mò ń dúró de ikú. Ikú ò dé. Mo kàn ń gbọ́ bí òjò ṣe ń rọ̀ lójú fèrèsé.

Abiyamọ

Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n Arìnnàkore. Nọ́ọ̀sì ni mo sọ tèmi fún: "Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò fọkàn tán ara mi."

Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e dórí àtẹ̀gùn ni mo máa ń rí i lọ́kàn mi pé ó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Màá rí i kedere, màá gbọ́ ìró rẹ̀. Nítorí náà, ìdí ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀, màá jókòó sórí àtẹ̀gùn kan, màá rọra bọ́ sí èkejì, ọmọ á wà láyà mi. Bí ọkọ mi bá ti wà nílé, mo máa ń sọ pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Mi ò lè sọ òtítọ́, torí mo rò pé wọ́n á gba ọmọ náà lọ.

Nọ́ọ̀sì bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n máa ń bi àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó wò mí, ó wá fi ọ̀kan tí kò sí lórí pépà kún un: "Ṣé àwọn àwòrán burúkú máa ń wá sí yín lọ́kàn nípa ọmọ yìí, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ò fẹ́?" Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́. Kò gba ọmọ lọ. Ó jókòó tì mí, ó ní irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ìyá tuntun, àti pé bó ṣe ń bà mí lẹ́rù tó fi hàn pé kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Ó tún béèrè bóyá mò ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, bóyá mi ò sùn mọ́ tí kò sì rẹ̀ mí, bóyá mo gbà lọ́kàn mi pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ èèyàn. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwòsàn là ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an, a ò ní dúró dọ̀la. Mo kọ èyí síbí torí ìyá kan lè wà tó ń kà á, tàbí ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ò Tán

Tèmi ò dáa. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Ó pẹ́ tí inú mi ti bàjẹ́." Ó ní, "Ìwọ tó o níṣẹ́, tó o lọ́kọ? Dúpẹ́ jàre." Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ mi ti dé ibi iṣẹ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi panu mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ dákun, bí ẹ bá ń sọ pé kí èèyàn la ẹnu, ẹ fi kún un pé kó wo ojú ẹni tó fẹ́ là á fún. Nígbà kejì, mi ò lè fẹnu sọ ọ́ rárá. Mo kọ ọ́ sórí pépà, mo nà án sí dókítà. Ó kà á tán, ó ká a jẹ́jẹ́, ó fi sínú fáìlì, ó ní, "Mo gbọ́ yín."

Arìnnàkore

Ẹ má bínú, mà. Mo béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó máa ń dáa fún gbogbo èèyàn. Kò dáa fún yín, ó sì dùn mí.

Iyọ̀ Díẹ̀

Èmi, ìgbà tí inú mi dùn jù ni mo sọ tèmi. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe àìsùn, kò rẹ̀ mí. Mò ń pe èèyàn ní aago mẹ́ta òru láti sọ èrò ńlá ńlá fún wọn. Mo ra nǹkan tí mi ò nílò, mo tún ra òmíràn. Láàárín gbogbo ẹ̀, ojú mi là fún bí ìṣẹ́jú kan, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin: "Ẹ dákun, ẹ wá gba káàdì báńkì mi." Wọ́n ò béèrè nǹkan kan lórí fóònù. Wọ́n wá.

Bipolar ni, àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú kí inú èèyàn ru sókè jù nígbà kan, kó sì bàjẹ́ jù nígbà mìíràn. Lithium ni mò ń lò, iyọ̀ kan tí John Cade, dókítà ará Ọsirélíà, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1949. Wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ mi déédéé torí bó bá pọ̀ jù lára, májèlé ni. Wọ́n sì ń wo kíndìnrín àti thyroid. Òùngbẹ máa ń gbẹ mí, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n díẹ̀ bí mo bá gbé ife. Mo dá a dúró nígbà kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, torí ara mi ti yá. Oògùn ló mú kó yá, èmi ò rò ó dé ibẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta tí mo ti dá a dúró, wọ́n tún gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà, ẹnìkan pè mí ní wèrè. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, "Ó lórúkọ," wọ́n sì dárúkọ mi.

Alágbàtọ́

Èmi kọ́ ni mo ṣàìsàn, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni. Ó ti ń kó ẹrù rẹ̀ fáwọn èèyàn, ó ń tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ẹnu mi wúwo, ṣùgbọ́n mo bi í tààrà: "Ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?" Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni màá fi sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti ṣèwádìí lórí ẹ̀ náà sọ pé ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Èjìká rẹ̀ kàn wálẹ̀. Ó ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń retí kẹ́nìkan bi mí."

Mi ò fi í sílẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Mo kó gbogbo ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílé, a fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a jọ lọ sílé ìwòsàn.

Àlejò

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka gbogbo èyí. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Tèmi rèé: ó ti rẹ̀ mí láti máa díbọ́n.

Arìnnàkore

Ẹ káàbọ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ ò pa á rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín? Ṣé ẹnìkan wà nílé pẹ̀lú yín? Ìgbà wo lẹ sùn kẹ́yìn?

Àlejò

Rárá, kò tíì dé ibẹ̀. Ìjẹta ni mo sùn, bíi wákàtí méjì. Màmá mi wà ní yàrá kejì. Iná wọn ṣì ń tàn.