Ìjọ méjèèje inú Ìfihàn ní Tọ́kì: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa bí ogún nínú ẹgbẹ́ Bíbélì wa fẹ́ lọ wo ibi tí ìjọ méjèèje tí Jòhánù kọ̀wé sí wà. Ọ̀sẹ̀ kan péré la ní. Àwọn àgbà tí eékún ń dùn wà láàárín wa, àwọn kan sì ń pariwo pé àfi kí á dé erékùṣù Pátímósì, níbi tí Jòhánù ti rí ìran náà. Níbo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí á yọ kúrò?

Ẹsẹ̀ Kò Gbélé
Ẹ wọ bàálù lọ sí İzmir tààrà. Òun gan-an ni Símírínà. Ẹ gba àríwá lọ sí Págámù, tí wọ́n ń pè ní Bergama báyìí, kí ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí Tíátírà, Sádísì, Filadẹ́lífíà àti Laodíkíà. Bí Jòhánù ṣe to lẹ́tà wọn náà nìyẹn. Éfésù ni kí ẹ fi kẹ́yìn, torí kò jìnnà sí İzmir tí ẹ ó ti wọ bàálù padà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí Éfésù, ojú yín ò ní gba Tíátírà mọ́: àwókù díẹ̀ ni, wọ́n ṣọgbà yí i ká láàárín ìgboro Akhisar.

Ìyá Ìjọ
Akọ̀wé, nípa ti eékún yẹn: ẹnu ọ̀nà òkè ni kí bọ́ọ̀sì já yín sí ní Éfésù, kó lọ dúró dè yín nísàlẹ̀. Ẹ ó kàn máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Òkúta mábù ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, kí olúkúlùkù wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú. Ní Bergama, orí òkè ni ìlú àtijọ́ wà. Ẹni tí kò bá lè gòkè, kó dúró sí ìsàlẹ̀ wo tẹ́ńpìlì oníbíríkì pupa tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó yá. Kò ní kábàámọ̀, nítorí òkúta pẹpẹ ńlá tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí lórí òkè mọ́, Berlin ló wà.

Ẹsẹ̀ Kò Gbélé
Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹ má sì gbàgbé Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ Éfésù. Ibẹ̀ ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ ńlá ìjọ ní ọdún 431. Àwọn èrò ń sáré lọ ya fọ́tò ní gbàgede ìṣeré tó ń gba nǹkan bí 25,000 ènìyàn, wọ́n á sì gbójú fò ó.

Ọ̀dọ́ Akọrin
Èmi ò bá yọ Tíátírà àti Filadẹ́lífíà kúrò pátápátá. Òpó bíríkì ṣọ́ọ̀ṣì Jòhánù Mímọ́ ló kù ní Filadẹ́lífíà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ti rí i tán.

Ìyá Ìjọ
Rárá o, ọmọ mi. Méjèèje ni wọ́n ń wá lọ, ẹ má bù ú kù. Kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n ka lẹ́tà ìjọ náà síta, kí wọ́n máa lọ. Laodíkíà ló yẹ kí wọ́n fún ní ọjọ́ kan. Ní 2010 ni wọ́n ṣàwárí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ọ̀rúndún kẹrin níbẹ̀. Tí ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ó máa wo òkè funfun Pamukkale lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun. Ẹ ka “o kò gbóná, o kò tutù” inú lẹ́tà Laodíkíà níbẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi.

Amọ̀nà Àgbà
Gíríìsì ló ni Pátímósì. Físà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Tọ́kì, ọkọ̀ ojú omi á sì jẹ yín lọ́jọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Nǹkan mìíràn: òfin Tọ́kì kò gbà kí ẹni tí kò níwèé àṣẹ ìjọba ṣe amọ̀nà. Ẹ gba ẹni tó ní in, kí ẹ bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ó máa dúró ka Bíbélì. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún tàbí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló dára, oòrùn oṣù keje kì í ṣe ti àgbà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Pátímósì ti jáde, oṣù kẹsàn-án la mú. Ó ku ẹni tó máa lọ sọ fún àwọn ará Pátímósì.