Kí la lè fi lé ìgbín tí kò ní ìkarahun kúrò lórí ewébẹ̀, tí kò ní í pa ajá àti adìyẹ?

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará. Lórí ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kan ní Apẹ̀tẹ̀, Ìbàdàn, ni mo ti ń béèrè. Ebè mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 4. Òru ni wọ́n ń jẹ ewé. Tílẹ̀ bá mọ́, itọ́ wọn á máa dán lórí ebè bí funfun ẹyin tó gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe iyọ̀. Ó ń pa wọ́n, àmọ́ ó ń ba ilẹ̀ jẹ́. Eérú dáa tó bá gbẹ. Òjò kan péré, ó di ẹrẹ̀, wọ́n á gun orí ẹ̀ kọjá. Pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ jù: láàárọ̀, a ṣí i, a fi igi ṣa àwọn tó sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Ẹ má fọwọ́ lásán mú wọn o, wọ́n lè gbé aràn tó ń wọ ọpọlọ èèyàn.

A tún ri ife bíà mọ́lẹ̀, etí ẹ̀ yọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 kí kòkòrò tó wúlò má bàa já sí i. Òjò ló ń bomi là á. Kí la lè fi bò ó tí ìgbín á ṣì ráàyè wọlé?

Adìyẹ ń ṣà wọ́n jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á jẹ ṣọkọ mọ́ ọn. Oògùn oníhóró tó ní metaldehyde kò ṣeé fọ́n, ó ń pa ajá. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí èyí tó jẹ́ iron phosphate rà ní Dùgbẹ̀ tàbí Ògùnpa? Èló ni?